ÀTÚNWÁYÉ KỌ́ NI ÀJÍǸDE

Ẹ̀kọ́ Kẹjọ: Kíláàsì Àwọn Àgbà

Bíbélì fún Ẹ̀kọ́ Yìí: 2 Sámúẹ́lì 12:15-23, Lúùkù 20:27-38, 1 Kọ́ríńtì 15:12-26, 35-44.

Àkọ́sórí: Jòhánù 11:25. Kí gbogbo kíláàsì ṣí Bíbélì, kí wọ́n sì kà á pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Kókó Ẹ̀kọ́: Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀sìn ni ó gbà pé ikú kọ́ ni òpin ènìyàn. Ìrètí tí Kristi fi fún wa ju èyí lọ: ẹni tí ó kú gan-an ni Ọlọ́run yóò jí dìde, òun fúnra rẹ̀, kì í ṣe ẹlòmíràn tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Èrèdí Ẹ̀kọ́:
1. Kí a lè mọ ohun tí àwọn baba wa àti àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn gbàgbọ́ nípa ikú, kí a má sì ṣe sọ̀rọ̀ wọn láìmọ̀dí.
2. Kí a lè mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àtúnwáyé àti àjíǹde.
3. Kí a lè tu ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nínú pẹ̀lú òtítọ́.

BÍBÉLÌ KÍKÀ OJOOJÚMỌ́

Ọjọ́ Ajé: Jóòbù 14:1-14. Ìbéèrè Jóòbù.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: 2 Sámúẹ́lì 12:15-23. Bàbá tí ọmọ rẹ̀ kú.
Ọjọ́rú: Dáníẹ́lì 12:1-4. Àwọn tí ó sùn nínú erùpẹ̀.
Ọjọ́bọ̀: Lúùkù 16:19-31. Ọlọ́rọ̀ àti Lásárù.
Ọjọ́ Ẹtì: Lúùkù 24:36-43. Olúwa jẹun lójú wọn.
Ọjọ́ Àbámẹ́ta: 1 Tẹsalóníkà 4:13-18. Ọ̀rọ̀ ìtùnú.
Ọjọ́ Olúwa: 1 Kọ́ríńtì 15:35-58. Ìṣẹ́gun lórí ikú.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìyá àgbà kan nínú ìjọ. Ọkọ rẹ̀, tí í ṣe díákónì, sùn nínú Olúwa ní oṣù Kẹta. Ìjọ sin ín pẹ̀lú orin àti ọ̀rọ̀ ìtùnú. Ní oṣù Kẹfà, ìyàwó ọmọ rẹ̀ bí ọmọkùnrin kan. Kí ọjọ́ kẹjọ tó pé, gbogbo ẹbí ti fi ẹnu kò pé Babátúndé ni ọmọ náà yóò máa jẹ́. Wọ́n wo iwájú orí rẹ̀, wọ́n ní ti bàbá ni. Wọ́n wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní ti bàbá ni. Ìyá àgbà pọn ọmọ, inú rẹ̀ dùn, ó sì ń ki ọmọ náà ní oríkì ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ṣú tí ilé dákẹ́, ìbéèrè kan kò jẹ́ kí ó sùn: "Bí ó bá jẹ́ pé ọkọ mi ni mo pọ̀n yìí, ta ni èmi yóò bá lọ́dọ̀ Olúwa? Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀dọ̀ Olúwa ni ọkọ mi wà, ta ni ó wà lẹ́yìn mi yìí?"

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti aláìgbàgbọ́. Ó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ tí ojú ń tì láti bi pásítọ̀ tàbí olùkọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí a fi ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lónìí.

I. OHUN TÍ ÀWỌN BABA WA GBÀGBỌ́

Ẹ̀yin ará, kò yẹ kí a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn baba wa kò mọ ohunkóhun nípa ọ̀run. Wọ́n ní ayé lọjà, ọ̀run nilé; ẹni tí ó lọ sọ́jà kì í sùn síbẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ìjíhìn ń bẹ, wọ́n ní gbogbo ohun tí a bá ṣe láyé, ìkúnlẹ̀ ni a ó rò ó lọ́run. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ọ̀run rere àti ọ̀run àpáàdì. Àfọ́kù ìkòkò ni àpáàdì, ẹnikẹ́ni kì í fi í pọn omi mọ́. Wọ́n rí i pé ènìyàn lè lo ayé rẹ̀ bàjẹ́ títí tí kò fi ní wúlò fún ẹni tí ó dá a. Èrò tí ó jinlẹ̀ ni èyí.

Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ méjì mìíràn wà pẹ̀lú rẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ gbójú fò. Èkínní ni àtúnwáyé. Bí bàbá àgbà bá kú tí a sì bí ọmọkùnrin sílé láìpẹ́, Babátúndé tàbí Babájídé ni. Bí ó bá jẹ́ ìyá àgbà, Yétúndé tàbí Ìyábọ̀ ni. Wọ́n á ní òkú ti yà lọ́mọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Ìdòwú, tí ó di olórí Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Nàìjíríà, yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè tí ó jáde ní 1962. Ó fi hàn pé ìgbàgbọ́ yìí ní ìdí tí ó ta kókó. Bàbá tí a ní ó ti padà wá yìí náà ni a ṣì gbà pé ó wà lọ́run. A ṣì ń pè é, a ṣì ń bẹ̀ ẹ́. Ọmọ méjì tàbí mẹ́ta sì lè jẹ́ Babátúndé ní agbolé kan náà nítorí bàbá kan ṣoṣo. Ó hàn gbangba nígbà náà pé kì í ṣe bàbá náà gan-an ni ẹbí rí gbà padà. Ìrísí rẹ̀ àti ìwà rẹ̀ ni wọ́n rí. Ìfẹ́ ni ó bí orúkọ náà. Ẹbí kò fẹ́ kí ẹni wọn sọnù.

Èkejì ni ìgbàgbọ́ nípa àbíkú. Bí ọmọ bá ń kú mọ́ obìnrin lọ́wọ́ léraléra, àwọn àgbà á ní ọmọ kan ṣoṣo ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀, pé ó ní ẹgbẹ́ lọ́run tí ó bá dá ọjọ́ ikú rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ ọmọ ní Málọmọ́, Dúrójayé, Kòkúmọ́ àti Bánjókòó. Ẹ̀bẹ̀ ni àwọn orúkọ wọ̀nyí jẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò parí sórí ẹ̀bẹ̀. Wọ́n a máa kọ òkú ọmọ náà lára, wọ́n a gé e ní ìka tàbí létí, kí ẹgbẹ́ rẹ̀ má bàa gbà á mọ́, kí a sì lè dá a mọ̀ bí ó bá tún wá. Ẹ wo ìyà tí èyí fi jẹ ìyá. Ọmọ rẹ̀ kú, wọ́n sì ń sọ fún un pé ẹlẹ́tàn ni ọmọ tí ó ń sunkún rẹ̀. Wọn kò tilẹ̀ jẹ́ kí ó ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

II. OHUN TÍ ÀWỌN ẸLÒMÍRÀN GBÀGBỌ́

1. Àwọn ará Íjíbítì ìgbàanì. Wọ́n a máa fi òógùn tọ́jú òkú fún ìwọ̀n 70 ọjọ́ kí ó má bàa jẹrà. Wọ́n gbà pé a óò gbé ọkàn òkú lé orí ìwọ̀n, a óò sì fi ìyẹ́ kan, tí í ṣe àmì òtítọ́, sí apá kejì. Bí ọkàn náà bá wúwo jù, ẹranko kan yóò jẹ ẹ́. Wọ́n fi òógùn tọ́jú òkú Jákọ́bù àti ti Jósẹ́fù gẹ́gẹ́ bí àṣà ilẹ̀ náà (Jẹ́nẹ́sísì 50:2-3, 26). Ṣùgbọ́n kí Jósẹ́fù tó kú, ó mú àwọn ènìyàn rẹ̀ búra pé wọn yóò kó egungun òun lọ sí ilẹ̀ ìlérí. Ará Íjíbítì ni ó tọ́jú òkú rẹ̀, ìlérí Ọlọ́run ni ó di ìrètí rẹ̀ mú.

2. Àwọn ará Íńdíà. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù gbà pé ọkàn ń kúrò nínú ara kan bọ́ sínú ara mìíràn, ìwà tí ènìyàn hù ni ó sì ń sọ irú ẹni tàbí ohun tí a óò tún bí i sí. Ẹ kíyèsí ohun kan níhìn-ín. Lójú Yorùbá, ire ni kí bàbá padà wá sílé. Lójú Híńdù, ìdè ni pípadà wá yìí. Ohun tí wọ́n ń wá ni bí wọn yóò ṣe bọ́ nínú rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà tún lọ síwájú sí i. Wọ́n ní kò sí ohun kan nínú ènìyàn tí ó wà títí tí a lè pè ní òun gan-an. Ìgbàlà wọn ni kí iná ìfẹ́ ọkàn kú pátápátá, kí àtúnbí sì dópin.

3. Àwọn Mùsùlùmí. Ìgbàgbọ́ wọn nípa èyí sún mọ́ tiwa ju ti àwọn tí a ti dárúkọ lọ. Wọ́n gbà pé àwọn máláíkà méjì, Múńkárì àti Nàkírì, yóò bi òkú léèrè ọ̀rọ̀ nínú sàréè. Wọ́n gbà pé Ọlọ́run yóò jí òkú dìde, yóò wọn iṣẹ́ olúkúlùkù lórí ìwọ̀n, àti pé Àlùjánnà tàbí iná ni ìgbẹ̀yìn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé Mùsùlùmí kò mọ àjíǹde. Ibi tí ọ̀nà wa ti pín ni ọ̀rọ̀ Jésù. Wọn kò gbà pé ó kú lórí àgbélébùú. Bí kò bá sì kú, kò lè jíǹde. Ìrètí tiwa sì dúró lórí ikú àti àjíǹde rẹ̀.

4. Àwọn tí ó ní kò sí nǹkan kan. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ẹgbẹ́ tuntun. Epicurus, ọlọ́gbọ́n Gíríìkì tí ó kú ní 270 ṣáájú ìbí Olúwa, kọ́ni pé ọkàn ń túká nígbà tí ara bá kú. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ wà nínú àwọn tí ó bá Pọ́ọ̀lù jiyàn ní Áténì (Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 17:18). Nígbà tí Pọ́ọ̀lù dárúkọ àjíǹde, àwọn kan fi í ṣe ẹlẹ́yà (ẹsẹ 32). Láàárín àwọn Júù pàápàá, àwọn Sadusí kò gbà pé àjíǹde wà.

III. OHUN TÍ BÍBÉLÌ KỌ́ WA

1. Ẹni tí ó lọ kì í padà wá. Ọmọ Dáfídì ṣàìsàn fún ọjọ́ méje. Dáfídì gbààwẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀, ó sì bẹ Ọlọ́run. Nígbà tí ọmọ kú, ó dìde, ó wẹ̀, ó lọ jọ́sìn, ó sì jẹun. Ẹnu ya àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀. Èsì rẹ̀ wà ní ẹsẹ 23: òun ni yóò lọ bá ọmọ náà, ọmọ náà kì yóò padà wá bá òun. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Bátíṣébà bí ọmọkùnrin mìíràn. Dáfídì kò pè é ní ẹni tí ó padà wá. Ó sọ ọ́ ní Sólómọ́nì, ọmọ tuntun, orúkọ tuntun. Jóòbù 7:9-10 àti Hébérù 9:27 bá èyí mu. Nínú Lúùkù 16, ọlọ́rọ̀ náà fẹ́ kí a rán Lásárù padà sí ilé bàbá rẹ̀, a kò gbà fún un.

Ẹnìkan lè béèrè pé, "Ti Èlíjà ńkọ́? Ṣé kì í ṣe òun ni ó padà wá bí Jòhánù Onítẹ̀bọmi?" Àwọn Júù bi Jòhánù fúnra rẹ̀, ó ní òun kọ́ (Jòhánù 1:21). Áńgẹ́lì ti sọ ṣáájú pé nínú ẹ̀mí àti agbára Èlíjà ni Jòhánù yóò wá (Lúùkù 1:17). Irú iṣẹ́ kan náà ni, kì í ṣe ẹnìkan náà. Síwájú sí i, Hẹ́rọ́dù ti bẹ́ Jòhánù lórí kí Olúwa tó gun orí òkè (Lúùkù 9:9). Bí Jòhánù bá jẹ́ Èlíjà, àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ì bá ti rí Jòhánù níbẹ̀. Èlíjà ni wọ́n rí, pẹ̀lú Mósè (ẹsẹ 30). A kò sì gbàgbé pé Èlíjà kò kú rí.

2. Ẹni tí ó kú gan-an ni yóò jí. Àwọn Sadusí mú àlọ́ obìnrin tí ó fẹ́ arákùnrin méje wá, kí wọ́n lè fi àjíǹde ṣẹ̀sín. Olúwa dá wọn lóhùn pé ayé tí ń bọ̀ kò rí bí wọ́n ti rò ó, nítorí kò sí ìgbéyàwó níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó tọ́ka sí ohun tí Mósè gbọ́ níbi igbó tí ń jó. Ọlọ́run pe ara rẹ̀ ní Ọlọ́run Ábúráhámù, ti Ísáákì àti ti Jákọ́bù. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ti kọjá lẹ́yìn ikú wọn, síbẹ̀ olúkúlùkù ń jẹ́ orúkọ ara rẹ̀ níwájú Ọlọ́run. Ábúráhámù kò tíì di ẹlòmíràn.

Pọ́ọ̀lù fi irúgbìn ṣe àpèjúwe. Àgbàdo tí a gbìn kò ní ewé, kò ní ìrùkẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó hù lẹ́wà jù ú lọ. Ṣùgbọ́n láti inú rẹ̀ ni ó ti hù. Bẹ́ẹ̀ ni ara tí a sin yóò yí padà sí ògo, ẹni náà kì yóò yí padà sí ẹlòmíràn. Ẹ wo Olúwa wa. Nígbà tí ó jíǹde, àpá ìṣó ṣì wà ní ọwọ́ rẹ̀ (Jòhánù 20:27), ó sì jẹ ẹja lójú àwọn ọmọ-ẹ̀yìn. Wọn kò wá a nínú ọmọ ìkókó kan ní Násárẹ́tì. Ibojì rẹ̀ ni ó ṣófo.

3. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni ìrètí wa dúró lé. Ní nǹkan bí ọdún 55 lẹ́yìn ìbí Olúwa ni Pọ́ọ̀lù kọ ìwé Kọ́ríńtì Kìn-ín-ní, nígbà tí kò tíì ju nǹkan bí 25 ọdún lẹ́yìn àjíǹde. Ó ní àwọn arákùnrin tí ó lé ní 500 ni ó rí Olúwa lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ṣì wà láàyè (1 Kọ́ríńtì 15:6). Ẹni tí ó bá ṣiyèméjì lè lọ bi wọ́n. Pọ́ọ̀lù kò sì fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: bí Kristi kò bá jíǹde, asán ni ìgbàgbọ́ wa.

4. Ìtẹ̀bọmi wa ń kéde rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó rántí ọjọ́ tí pásítọ̀ rì wá bọmi. Róòmù 6:3-5 sọ pé ìsìnkú àti àjíǹde ni iṣẹ́ náà ń fi hàn. Ta ni pásítọ̀ gbé dìde kúrò nínú omi? Ṣebí ẹni tí ó rì bọ̀ ọ́ náà ni. Bí a bá rì Arákùnrin kan bọmi tí ẹlòmíràn sì jáde, gbogbo ìjọ ni yóò sá. Nígbàkúùgbà tí a bá ń ṣe ìtẹ̀bọmi, a ń wàásù pé ẹni tí ó kú gan-an ni yóò jí.

IV. BÍ A Ó TI LÒ Ó

Nípa orúkọ. Ẹ̀kọ́ yìí kò sọ pé kí Babátúndé tàbí Yétúndé lọ yí orúkọ padà. A lè fi orúkọ bẹ́ẹ̀ rántí ẹni wa, kí a sì dúpẹ́ pé Ọlọ́run kò jẹ́ kí ilé náà ṣófo. Ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe ni kí a sọ fún ọmọ pé ẹlòmíràn ni. Ọmọ náà ní ọkàn tirẹ̀. Ìgbàgbọ́ bàbá àgbà kò lè gbà á là, ìtẹ̀bọmi bàbá àgbà kò sì lè dúró fún tirẹ̀. Òun náà yóò ronúpìwàdà, òun náà yóò sì jíhìn ara rẹ̀ (Róòmù 14:12).

Nípa ọmọ tí ń kú. Ní 1910 ni dókítà kan ní Chicago, James Herrick, kọ́kọ́ kọ ìwé nípa ẹ̀jẹ̀ tí ó tẹ̀ bí dòjé nínú ara aláìsàn kan. Òun ni àìsàn tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Bí ọkọ àti aya bá jẹ́ AS, ara àwọn méjèèjì lè le, ṣùgbọ́n nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ jẹ́ SS. Àìsàn yìí, àti ibà àti àwọn àrùn mìíràn, ni ó pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a pè ní àbíkú. Ọmọ ọ̀tọ̀ ni olúkúlùkù wọn, aláìsàn ni wọ́n, wọn kì í ṣe ẹlẹ́tàn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìjọ fi ń béèrè èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àfẹ́sọ́nà. Bí ìyá kan bẹ́ẹ̀ bá wà láàárín wa, ẹ jẹ́ kí ó sunkún ọmọ rẹ̀, kí a sì ka ọ̀rọ̀ Dáfídì fún un.

Nípa ọ̀fọ̀. 1 Tẹsalóníkà 4:13 kò sọ pé kí a má sunkún. Ó ní kí a má ṣe é bí àwọn tí kò ní ìrètí. Olúwa sunkún ní ibojì Lásárù. Ṣùgbọ́n a kò ní bẹ òkú, a kò sì ní wádìí lọ́dọ̀ rẹ̀ (Deuterónómì 18:10-12). Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe jẹ gbèsè nítorí ìnáwó òkú, bí ẹni pé àríyá ni yóò sin bàbá dé ọ̀run.

Nípa aládùúgbò. Bí Mùsùlùmí tàbí ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ bá bá wa sọ̀rọ̀ ikú, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà kí a sọ ohun tí Jésù ṣe. Àbùkù kò yí ẹnikẹ́ni lọ́kàn padà rí.

ÌPARÍ

Kí ni a ó wí fún ìyá àgbà wa? A ó wí pé: Màmá, ọmọ-ọmọ yín ni ẹ pọ̀n. Ẹ fẹ́ràn rẹ̀ nítorí òun fúnra rẹ̀, ẹ sì gbàdúrà kí ó mọ Olúwa. Ọkọ yín wà lọ́dọ̀ ẹni tí ó gbà á gbọ́. Ẹ kò sọ ọ́ nù láti lè rí ọmọ yìí gbà, ẹ kò sì ní láti wá ojú rẹ̀ kiri lára ọmọ ìkókó. Ní ọjọ́ tí ìpè bá dún, Olúwa yóò pe díákónì náà ní orúkọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì dáhùn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ó dára nínú ohun tí àwọn baba wa gbàgbọ́ nípa ọ̀run? Kí ni ó kù díẹ̀ káàtó?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín èrò Yorùbá àti èrò Híńdù nípa pípadà wá sáyé?
3. Báwo ni ẹ ó ti dá ẹni tí ó ní Èlíjà ni Jòhánù lóhùn?
4. Báwo ni ọ̀rọ̀ Dáfídì ṣe lè tu ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú nínú?
5. Kí ni ìtẹ̀bọmi yín sọ nípa ọjọ́ ikú yín?

FÚN OLÙKỌ́: Ẹ wádìí ṣáájú bóyá ẹnìkan nínú kíláàsì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣọ̀fọ̀. Ẹ má ṣe fi ipá mú un sọ̀rọ̀.

IṢẸ́ Ọ̀SẸ̀: Kí olúkúlùkù bẹ opó kan tàbí ìdílé kan tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wò, kí ó sì ka 1 Tẹsalóníkà 4:13-18 pẹ̀lú wọn.

ÀDÚRÀ: Olúwa, ìwọ tí ó jáde kúrò nínú ibojì, di àwọn ẹni wa tí ó sùn nínú rẹ mú. Kọ́ wa láti dúró dè ọ́ láìbẹ̀rù, kí a sì lè dáhùn nígbà tí o bá pè wá. Àmín.